Àgbá Onílà Pupa Tí Felicia Kò Fọ̀

Felicia ní kí n má yí orúkọ òun padà. Ó ní ta la tún fẹ́ fi í pamọ́ fún, nígbà tí gbogbo ìjọ ti fojú rí i, tí Asafo ti gbọ́, tí àwọn ará Tafo sì ti fi iyọ̀ sí i. Ó ní kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́gbọ́n kọ́ ọ.

Èmi tí mo ń kọ ọ́ ti rẹ́rìn-ín tèmi tán, ẹ̀yin òǹkàwé. Ó ku tiyín.

Ní ọdún 1974, àgbá ni Felicia ń tà ní Asafo, nínú ìlú Kumasi. Àwọn àgbá irin ńláńlá tí epo ti tán nínú wọn ni mo ń wí. Èyí tó bá mọ́, àwọn obìnrin á rà á láti fi pọn omi sí. Èyí tí kò bá mọ́, àwọn tó ń lu páànù á rà á, wọ́n á gé e, wọ́n á fi ṣe ààrò eléèédú. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí Felicia, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Kumasi débi pé Twi ló fi ń bínú, Yorùbá ló fi ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ sílé ní 1969, ìwé tirẹ̀ pé, ó jókòó. Opó ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Adérónkẹ́, aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Adérónkẹ́ ló mú Yaw wálé.

Ọmọ Santasi, ní Kumasi níbẹ̀ náà, ni Yaw. Ó ga, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa nítorí pé ilé àwọn Yorùbá ni ìyá rẹ̀ háyà nígbà tó wà ní kékeré. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń wa epo létí òkun ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀, á ní, "Ìdọ̀tí ni mò ń bójú tó."

Felicia kò fẹ́ràn ìdáhùn yẹn rárá. "Ìwọ náà máa sọ pé epo lò ń wà," ló sọ fún un. "Ta ló ń fi ọmọ fún onídọ̀tí?"

"Maame, epo kò níṣòro," ni Yaw dá a lóhùn. "Ohun tó ń tẹ̀lé epo ló níṣòro."

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n bá lò tán níbẹ̀, inú igbó ni wọ́n ń dà á sí: àgbá òfìfo, pákó, epo ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú. Ìgbà tó yá, epo bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lójú kànga àwọn ará abúlé, wọ́n sì gbé àdá wá sẹ́nu géètì. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá wọn ti pàṣẹ pé ohunkóhun tó bá ṣì wúlò, kò gbọdọ̀ di àkìtàn mọ́. Kí pákó lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, kí epo dúdú lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sun bíríkì, kí àgbá lọ sí Kumasi. Yaw ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: kí ló jáde, ta ló gbé e, kí ló fi ṣe. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa kó àgbá, òun ló dúró fún Felicia. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé obìnrin tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni.

Òfin àgbá náà kò lọ́jú pọ̀. Ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà fà sí i lára ló ń sọ irú èyí tó jẹ́. Onílà funfun, bí a bá ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a lè pọn omi sí i. Onílà pupa kò rí bẹ́ẹ̀. Yaw jókòó ti Felicia, ó là á yé e bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé.

"Maame, oògùn tó wà nínú onílà pupa, ó máa ń hó. Wọ́n ń dà á sínú ihò tí wọ́n ń gbẹ́, kó lè gbé ẹrẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀. Bó bá kan ojú, á ta èèyàn. Bó bá débi ikùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́. Ẹ ó gé àgbá náà, ẹ ó lù ú kó tẹ́, ẹ ó fi omi gbígbóná àti sóódà fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ààrò nìkan ni kí wọ́n fi ṣe. Kò gbọdọ̀ gba omi, kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ."

"Mo ti gbọ́."

"Bí wọ́n bá rí ọ̀kan níbi tí omi wà, èmi ni wọ́n máa lé lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mò ń fọwọ́ sí i pé ẹ ti fọ̀ ọ́."

"Mo ní mo ti gbọ́, Yaw. Ṣé etí mi di ni?"

Etí rẹ̀ kò di. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Ìjọ Onítẹ̀bọmi kékeré kan ni Felicia ń lọ. Òfin tiwọn náà le: ẹni tí a kò bá tíì tẹ̀ bọmi, ìjọ kò ní so ó pọ̀ mọ́ ọmọ ìjọ. Yaw ti ṣe kíláàsì tán, ó ti kọ́ àwọn ẹsẹ Bíbélì sórí, ó tiẹ̀ ti ń bá wọn kọ orin. Ìgbéyàwó ti wà fún Dìsẹ́ńbà. Adérónkẹ́ ti rán aṣọ funfun tirẹ̀ dé ibi apá. Ohun tó kù ni omi.

Kò sì síbi tí omi máa dúró sí. Kòtò oníṣìmẹ́ńtì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ti sán láti ọdún tí bíríkìlà ìjọ ti bá àwọn tí wọ́n lé lọ sílé. Bí wọ́n bá pọn omi sí i, ilẹ̀ á ti mu ún tán kí wọ́n tó kọ orin kejì. Odò tó sún mọ́ wọn sì ti di ibi tí gbogbo àdúgbò ń da ohun tí wọn kò fẹ́ sí. Pásítọ̀ Oyèdélé kéde lọ́jọ́ Ìsinmi kan pé bí kò bá sí kòtò, ìtẹ̀bọmi á di ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá Dinah, olórí ẹgbẹ́ obìnrin, dìde, ó ní òun á bá àbúrò òun sọ̀rọ̀ nípa sìmẹ́ńtì. Sìmẹ́ńtì ọdún náà ńkọ́? Ẹni tó bá rí àpò kan, á fi aṣọ bò ó kó tó gbé e kọjá lójú títì.

Felicia kò tíì ronú tán tó fi bá ara rẹ̀ lórí ìdúró. "Ẹ fi sìmẹ́ńtì sílẹ̀," ló wí. "Èmi máa fi irin ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá Dinah rọra jókòó. Felicia sọ fún mi pé bí obìnrin náà ṣe rọra jókòó yẹn dùn mọ́ òun ju àtẹ́wọ́ lọ.

Nígbà tó mú Kwaku tó ń jó irin wá sí ọgbà rẹ̀ láti wá yan àgbá ni ọ̀rọ̀ yí padà. Kwaku gbá onílà funfun kan nípàá, ìpẹtà já lulẹ̀. Ó gbá òmíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé sínú rẹ̀.

"Maame, èyí kò lè gba èèyàn. Ẹsẹ̀ pásítọ̀ máa jáde síta." Ó wá tọ́ka sí igun kejì ọgbà. "Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ńkọ́?"

"Onílà pupa nìyẹn. Kì í ṣe fún omi."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ọkọ ọmọ mi."

Kwaku wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé ó wà níbí ni?"

Mọ́kànlá ni àwọn onílà pupa tó wà nílẹ̀. Irin wọn nípọn, inú wọn kò dípẹtà rárá. Nígbà tí Kwaku lọ tán, Felicia ṣí ọ̀kan, ó ti ìka bọ̀ ọ́. Ohun tó kù nísàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ọṣẹ. Ẹ rántí pé ọdún yẹn ni ọṣẹ wọ́n, tí àwọn èèyàn ń tò sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nítorí ìdì kan. Felicia bu díẹ̀, ó da omi sí i, ó fi fọ ìró rẹ̀ kan. Ìró náà funfun ju ìgbà tó rà á lọ.

"Ọṣẹ ni," ló sọ fún Adérónkẹ́ tó bá a lẹ́nu rẹ̀. "Ìgbà wo lo gbọ́ pé ọṣẹ pa èèyàn rí?"

"Màmá, Yaw ní kí a má fi..."

"Yaw, Yaw. Ṣé o fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Dìsẹ́ńbà àbí o kò fẹ́?"

Adérónkẹ́ fẹ́. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun náà dákẹ́.

Bí a bá ní kí a fi omi gbígbóná àti sóódà fọ àgbá mọ́kànlá lẹ́ẹ̀mẹta, igi ìdáná ọjọ́ mẹ́fà ni, àti ọwọ́ tó máa bó. Felicia fọ mẹ́ta bó ṣe yẹ. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Àwọn mẹ́jọ tó kù, ó fi omi tútù ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ha ilà pupa kúrò lára wọn, ó sì ní kí Kwaku máa gbé wọn lọ. Mẹ́ta tó mọ́ ló fi pa mọ́ sílé. Ẹ wo ìwà. Kwaku gé mẹ́jọ náà, ó lù wọ́n, ó ṣẹ́ etí wọn lé ara wọn kó tó jó wọn pọ̀. Abẹ́ gbogbo etí tó ṣẹ́ yẹn ni oògùn náà sá pamọ́ sí.

Ní ìparí oṣù, Yaw dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Felicia ti tẹ́ páànù mẹ́ta tó mọ́ sórí òkìtì àwọn àlòkù irin, wọ́n ń dán nínú oòrùn. Ó ti gún fùfú, ó ti se ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ olómi, èyí tí Yaw kì í lè kọ̀.

Yaw dúró níwájú òkìtì náà. "Maame, ṣé ẹ ti fọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá?"

"Ṣé ojú rẹ kò rí wọn ni?"

"Mo rí mẹ́ta."

"Ṣé a máa tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí òjò wá pa á ni?"

Yaw rẹ́rìn-ín. "Èyí tí ẹ fi ń ṣe táǹkì ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Yaw, ṣé onílà pupa ni mo máa gbé fún Ọlọ́run?"

Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi. Obìnrin yìí kò purọ́ kan. Ìbéèrè ló fi ń dáhùn ìbéèrè, tí fùfú sì ń tutù lọ. Yaw wẹwọ́, ó jẹun yó, ó fọwọ́ sí ìwé.

Táǹkì náà dára lójú. Kwaku kùn ún ní àwọ̀ búlúù, ó ṣe àtẹ̀gùn sí i lára, ó sì dé àyà ọkùnrin. Ní Sátidé, àwọn obìnrin pọn omi sí i. Felicia ti sáré débẹ̀ ṣáájú wọn. Bí omi àkọ́kọ́ ṣe bọ́ sínú rẹ̀ báyìí, ìfóòfó yọ lójú rẹ̀. Felicia gbé igbá, ó ń bù ú dànù. Ó bu ti ìhín, ti ọ̀hún yọ.

Ìyá Dinah dé sí i lẹ́yìn. "Kí lò ń bù?"

"Omi ẹ̀rọ ni. Ṣé o kò mọ̀ pé ìjọba ń da oògùn sínú omi ẹ̀rọ ni?"

"Oògùn tó ń hó báyìí?"

"Bi ìjọba."

Ìyá Dinah kò bi ìjọba. Ó wo Felicia títí, ó gbé korobá rẹ̀ lọ. Nígbà tí omi kún tí kò sẹ́ni tó dà á láàmú, ìfóòfó náà rọlẹ̀, ojú omi dá ṣáká. Ìgbà yẹn ló yé Felicia pé bí a kò bá ru omi náà, kò ní hó. Ó wá di pé kí wọ́n má ru ú. Ó gba ilé Pásítọ̀ Oyèdélé lọ.

"Pásítọ̀, mo kàn ní kí n bi yín léèrè ni. Àwọn tí ẹ fẹ́ tẹ̀ bọmi lọ́la, ṣé ẹ lè rọra tẹ̀ wọ́n?"

"Báwo ni rírọra rẹ̀?"

"Kí omi má bàa mì. Àbí, nítorí pé Mama Akua tó wà lára wọn ti dàgbà, ṣé kò ní dára kí ẹ kàn wọ́n omi díẹ̀ sí wọn lórí lọ́tẹ̀ yìí?"

Pásítọ̀ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó wò ó. Láti ogún ọdún tó ti wà nínú iṣẹ́, kò sí ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí i létí rí. "Arábìnrin Felicia," ló wí, "ṣé Mẹ́tọ́díìsì ló fẹ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ wa ni?"

Felicia lọ sílé. Kò jẹun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ yí táǹkì búlúù náà ká lẹ́yìn ìsìn. Èèyàn mẹ́ta ló fẹ́ wọ omi. Kojo ni àkọ́kọ́, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ń pa ẹran lọ́jà. Yaw ni èkejì. Ẹ̀kẹta ni Mama Akua láti Tafo, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti ń ṣú.

Kojo tó ń dojú kọ màlúù lójoojúmọ́ ń bẹ̀rù omi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí Pásítọ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn báyìí, ó di Pásítọ̀ lọ́rùn mú, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń ju apá. Àwọn méjèèjì jìjàkadì nínú omi náà débi pé àwọn akọrin gbàgbé ẹsẹ orin. Nígbà tí Kojo máa fi dìde dúró, ìfóòfó ti dé ìbàdí rẹ̀. Ó ń wú sí i. Ó gun etí táǹkì, ó ṣàn sílẹ̀, ó bo bàtà Ìyá Dinah.

"Ògo fún Ọlọ́run," ni bàbá àgbà kan wí. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí nǹkan bẹ́ẹ̀.

Pásítọ̀ nu ìfóòfó kúrò ní irùngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e, ṣùgbọ́n ojú ìjọ wà lára rẹ̀. "Ẹ máa kọrin," ló wí.

Yaw wọlé. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó pe orúkọ Baba, ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́, ó tẹ Yaw sẹ́yìn, ẹsẹ̀ òun náà sì yọ̀. Àwọn méjèèjì wọlẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tí a rí ju ìfóòfó lọ. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ Yaw yọ sókè, ó di ọrùn aṣọ Pásítọ̀ mú, ó fà á jáde. Awò ojú ti lọ.

Yaw fọwọ́ nu ojú. Ó dúró. Ó gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Ojú rẹ̀ ti pọ́n, omi ń dà níbẹ̀ wàràwàrà. "Ẹ wo bó ṣe ń sunkún," ni obìnrin kan wí. "Ìrònúpìwàdà tòótọ́ nìyẹn." Adérónkẹ́ náà ń sunkún ní tirẹ̀, ayọ̀ ló pè é. Yaw kò wo ìkankan nínú wọn. Ó fi ojú tó ń ta á yẹn wá Felicia kiri àárín èrò, ó sì rí i níbi tó ti ń fi tówẹ́ẹ̀lì bo ẹnu.

Mama Akua ti gun àtẹ̀gùn. Ó ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Yaw na apá rẹ̀ gbọọrọ dí i lọ́nà.

"Nana, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀."

"Yaw, kí ló dé?" ni Pásítọ̀ ń bi í, ó sì kọjú sí ibòmíràn nítorí kò ríran. "Jáde kí Mama wọlé."

Yaw kò jáde. Kò sì sọ̀rọ̀. Bó bá sọ ọ́, ìyá ìyàwó rẹ̀ máa tẹ́ lójú gbogbo ayé, ọwọ́ tí òun fi sí ìwé náà á sì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá sọ ọ́, ojú arúgbó ló máa lọ sí i. Ó kàn di etí táǹkì mú, ó ń wo Felicia.

"Yàgò lọ́nà fún mi," ni Mama Akua wí. "Láti kékeré ni mo ti ń bọ̀."

Felicia ní ohun tó kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn ni pé kí òun dákú. Ó ní òun tiẹ̀ ti ń wo ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ tí òun lè ṣubú sí. Ẹ̀yìn náà ló rí ẹsẹ̀ arúgbó yẹn lókè omi, ẹsẹ̀ tín-ín-rín, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún un.

"Ẹ má jẹ́ kó wọ ibẹ̀."

"Ta nìyẹn?" ni Pásítọ̀ béèrè.

"Èmi Felicia ni."

"Felicia wo?"

"Felicia tó ni táǹkì. Kì í ṣe Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń hó yìí o, oògùn àwọn tó ń wa epo ni. Yaw ní kí n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí n má sì gbé e sítòsí omi. Mi ò fọ̀ ọ́. Mo tàn án, mo fi oúnjẹ dí i lójú. Ẹ bá mi gbé Mama sọ̀ kalẹ̀."

Kò sẹ́ni tó kọrin mọ́. Bàbá tó ń yin Ọlọ́run lógo gbé fìlà rẹ̀, ó dé e. Kojo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewé nu ara rẹ̀. Ìyá Dinah ló kọ́kọ́ kúrò lójú kan. Felicia rò pé òun ló ń bọ̀ wá bá, ó ti múra èébú sílẹ̀. Korobá omi mímọ́ ni obìnrin náà gbé, ó di orí Yaw mú, ó ń da omi sí i lójú, ó ní, "Korobá kejì dà?" Felicia ló sáré lọ pọn ọ́n. Èébú Ìyá Dinah kò dé títí di Wẹ́sìdé. Nígbà tó dé, ó pé.

Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ gbọ́ bó ṣe parí. Àwọn ọ̀gá Yaw gba àgbá lọ́wọ́ Felicia, ọkọ̀ ẹrù kan ṣoṣo kò tún já sí ọgbà rẹ̀ mọ́. Wọn kò lé Yaw, ṣùgbọ́n wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún kan, ẹnu géètì ni wọ́n fi í sí. Ìgbéyàwó kò ṣeé ṣe ní Dìsẹ́ńbà. Àjíǹde ọdún kejì ni wọ́n tó ṣe é, lẹ́yìn tí sìmẹ́ńtì àbúrò Ìyá Dinah dé. Ìjọ ṣe ìpàdé ìgbà mẹ́rin lórí bóyá ìtẹ̀bọmi inú ìfóòfó jẹ́ ìtẹ̀bọmi. Kojo ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, òun kò ní tún wọ omi kankan láyé.

Ṣùgbọ́n mo fo nǹkan kan. Felicia ní bí n kò bá ní kọ ìyẹn, kí n má kọ èyí tó kù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi náà gan-an, Yaw wà nílé wọn, ojú rẹ̀ ṣì wú. Felicia kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Yorùbá ló fi ń sọ̀rọ̀.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Má sọ fún àwọn ará ibiṣẹ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ ìjọ ni, kó parí sínú ìjọ. Máa lo ìwé rẹ lọ, màá fọ gbogbo rẹ̀ láti ọ̀la."

"Maame, ẹ dìde."

"Ṣé o ti gbọ́?"

"Òní ni wọ́n tẹ̀ mí bọmi," ni Yaw wí. "Ṣé ọ̀la ni kí n lọ purọ́?"

Felicia kò rí ìbéèrè tó fi máa dá ìyẹn lóhùn. Yaw kọ lẹ́tà rẹ̀ sórí tábìlì, ó fi í sílẹ̀ kó gbẹ, ó lọ bu omi sójú lẹ́yìnkùlé. Felicia ní kí Adérónkẹ́ ka ohun tó kọ fún òun, kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó fẹ́ mọ bí Yaw ṣe bú òun tó.

Adérónkẹ́ kà á. "Ó ní, 'Èmi ni mo fọwọ́ sí i pé a ti fọ àgbá onílà pupa mọ́kànlá. Mẹ́ta péré ni mo fojú rí. Ó yẹ kí n gbé páànù sókè láti wo èyí tó kù, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi mi ni.'"

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ó tán, Màmá."

"Kò sọ pé mo tàn án?"

"Kò sọ ọ́. Ẹ ò sí níbẹ̀ rárá."

Felicia jókòó. Gbogbo ojú tí wọ́n fi wò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, kò sunkún. Ìgbà yìí ló sunkún, ó sunkún títí Adérónkẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dákẹ́, ó fi etí ìró nu imú.

"Mú bíró yẹn. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé Felicia tó ń ta àgbá ní Asafo mọ̀ pé kò yẹ, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Màmá, wọ́n máa gba àgbá lọ́wọ́ yín."

"Mo ní kí o kọ ọ́. Kọ ọ́ gàdàgbà."

Adérónkẹ́ kọ ọ́. Felicia kò mọ̀wé. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ fi ìka han òun ibi tí orúkọ òun bẹ̀rẹ̀ sí àti ibi tó parí sí. Ó fi íńkì pa àtàǹpàkò, ó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.